Sweet Mother, Touki Bouki, Aya: Kí ló dé tí a mọ ìlú Batman ju ìlú aládùúgbò wa lọ?

Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára àwọn akọ̀ròyìn wa bá àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn orin, sinimá àti ìwé ìtàn aláwòrán sọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wọ ẹ̀wù tí àwòrán Naruto wà láyà rẹ̀, mo rí yín o. Ẹ kú oge.

Wọ́n ní kí n wá sọ èrò ọkàn mi nípa orin, sinimá àti ìwé ìtàn aláwòrán tí mo fẹ́ràn jù. Irú àǹfààní yìí kì í sábà yọjú fún akọ̀ròyìn. Lẹ́nu iṣẹ́ wa, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ní ká sọ, kì í ṣe ohun tó wù wá. Lónìí, ohun tó wù mí ni mo gbé wá. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, inú mi á dùn, torí pé àríyànjiyàn ni iyọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín àwa tí a fẹ́ràn sinimá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè. Ìlú wo ni Batman ń gbé? Gotham. Ẹ gbọ́ bí ẹ ṣe dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà! Spider-Man ńkọ́? New York, ní àdúgbò Queens. Ẹ káre. Ó wá ku ẹyọ kan: níbo ni Yopougon wà?

Ilé ti pa lọ́lọ́.

Yopougon jẹ́ àdúgbò ńlá kan ní ìlú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Téèyàn bá wọ mọ́tò l'Ékòó, tó gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, bíi 1,000 kìlómítà ni títí dé Abidjan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀, tí wọ́n ń bímọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń padà wálé ọdún.

Gotham kò sí níbì kankan láyé. Orí ìwé ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Síbẹ̀, a mọ òru rẹ̀, a mọ àwọn ọ̀daràn rẹ̀, a tún mọ orúkọ ẹni tó ń bá Batman gbé oúnjẹ. Ìlú tí mọ́tò lè gbé wa dé ni a kò mọ ìtàn rẹ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni pé iṣẹ́ tó dára jù ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni èyí tó dúró sójúde ara rẹ̀, tó kọ́kọ́ bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìkejì ni pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà rí ẹni tọ́jú rẹ̀ nílé. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Orin tó fo ògiri

Lọ́dún 1976, Prince Nico Mbarga àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Rocafil Jazz, gbé orin kan jáde tí wọ́n pè ní Sweet Mother. Ọmọ Nàìjíríà ni ìyá Mbarga, ọmọ Cameroon ni bàbá rẹ̀. Ilé iṣẹ́ orin ńlá kan ti kọ́kọ́ kọ orin náà, wọ́n ní ó dà bí orin ọmọdé. Rogers All Stars, ilé iṣẹ́ tó wà ní Onitsha, ló wá bá a tẹ̀ ẹ́ sórí àwo.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìkómọ, kò sí òkú àgbà tí wọn kò ti lù ú. Lọ́dún 2004, tí BBC ní kí àwọn èèyàn yan orin Áfíríkà tí wọ́n fẹ́ràn jù, Sweet Mother ló gbégbá orókè.

Kí ló mú un dùn? Lójú tèmi, ohun mẹ́ta ni. Èkíní ni gìtá. Mbarga mú highlife ìlà oòrùn Nàìjíríà, ó wá fi ọwọ́ gìtá tó wá láti Congo dárà sí i. Bí gìtá náà bá ti bẹ̀rẹ̀, èjìká á ti máa mì kí ẹnikẹ́ni tó lanu. Èkejì ni èdè. Píjìn ló fi kọ ọ́, èdè ọjà, èdè inú ọkọ̀, èyí tí ẹni tí kò rí ilé ìwé lọ náà gbọ́. Ẹ̀kẹta ni pé kò wá ọ̀rọ̀ ńlá kiri. Ó kàn ń ka ohun tí ìyá ń ṣe lójoojúmọ́. Yorùbá ti ń pe ìyá ní wúrà kí wọ́n tó bí Mbarga, ṣùgbọ́n òun ló kó wúrà náà dé ibi tí èdè Yorùbá kò dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti fẹ́ sọ pé Fẹlá ló ga jù. Mi ò bá yín jà. Ẹ kàn rántí pé Fẹlá náà gbé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tì síbì kan, tó mú Píjìn fún ọ̀pọ̀ orin rẹ̀, kí ará Accra àti ará Freetown lè bá a gbọ́ ọ. Ọgbọ́n kan náà ni.

Nínú gbogbo ohun tí a ń ṣe, orin ló mọ bí wọ́n ṣe ń fo ògiri jù. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Bambara ń gbọ́ Salif Keita ti Mali. Ẹni tí kò gbọ́ Wolof ń jó sí Orchestra Baobab ti Dakar. Àwa tí a gbọ́ Yorùbá náà ń jó sí Orchestre Poly-Rythmo ti Cotonou, bí wọ́n bá tiẹ̀ ń kọrin lédè Fọ̀n. Ẹsẹ̀ kì í béèrè ìtumọ̀ kó tó jó.

Ṣùgbọ́n ojú tó ń wo sinimá àti ojú tó ń ka ìwé máa ń béèrè ìtumọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣé Living in Bondage ló kọ́ wa ní ògùn owó?

Lọ́dún 1992, oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Kenneth Nnebue náwó sórí fíìmù kan lédè Ìgbò. Chris Obi Rapu ló darí rẹ̀. Wọn kò gbé e lọ sí gbọ̀ngàn sinimá. Inú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sọ́jà bí ẹni ń ta ọṣẹ. Living in Bondage nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ka fíìmù yìí sí ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Kí Nnebue tó ṣe é, ó ti náwó sórí fíìmù Yorùbá, lára wọn ni Àjẹ́ Ni Ìyá Mi tí òun àti Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá jọ ṣe. Àwọn òṣèré Yorùbá tó ń gbé eré kiri láti ìlú dé ìlú ti ń lo fídíò kí ọdún 1992 tó dé. Ìgbò ni Living in Bondage, ṣùgbọ́n ó gba àgbàlá Yorùbá kọjá kó tó jáde síta. Mi ò sọ èyí láti gba iyì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè rí i pé iṣẹ́ àtinúdá kì í mọ odi ìlú.

Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ìlara ni. Andy Okeke, tí Kenneth Okonkwo ṣe, kì í ṣe òtòṣì paraku. Ó ní ìyàwó tó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn, Merit. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọ ọkọ̀ ńlá kọjá lójú rẹ̀. Ó pàdé ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Paulo, tó ti di olówó, Paulo sì mú un lọ síbi tí òun ti rí tirẹ̀. Andy fi Merit rúbọ. Owó dé. Iwin Merit náà dé.

Láti ìgbà náà, a kò yé ṣe fíìmù ògùn owó mọ́. Àwọn kan gbà pé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwà ibi. Lọ́dún 2024, àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà, NFVCB, kéde pé àwọn kò ní gbà kí fíìmù máa gbé ògùn owó àti ìpànìyàn ṣètùtù lárugẹ.

Èrò tèmi nìyí. Fífi ibi hàn àti fífi ibi polówó kì í ṣe nǹkan kan náà. Nínú Living in Bondage, orí Andy dàrú, ó di ẹni tó ń wá oúnjẹ nínú pàǹtírí. Ẹni tó bá wò ó tán, tó ní ó wu òun láti ṣe bíi Andy, kò tíì wo apá kejì. Àwọn fíìmù tó tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà ló gbàgbé pàǹtírí, tí wọ́n sì gbájú mọ́ ọkọ̀ àti ilé.

Lọ́dún 2019, Ramsey Nouah darí Living in Bondage: Breaking Free, ìtàn Nnamdi, ọmọ Andy. Àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ fíìfíì, eré ibẹ̀ sì dára. Síbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ kò bà mí tó ti 1992. Ọkọ̀ olówó ńlá pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé, nígbà mìíràn, ó dà bí ẹni pé fíìmù náà àti Nnamdi jọ ń ṣojúkòkòrò ni. Fíìmù ti àkọ́kọ́ kò lówó lọ́wọ́, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó lè fi owó tàn wá jẹ.

'Japa' ti wà ní Dakar láti ọdún 1973

Ẹ jẹ́ ká kọjá sí Senegal. Ousmane Sembène, ẹni tí wọ́n ń pè ní bàbá sinimá Áfíríkà, ìwé ló kọ́kọ́ ń kọ lédè Faransé. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tí òun ń kọ ìwé nípa wọn kò lè kà á. Ló bá lọ kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Moscow. Nígbà tó di ọdún 1968, ó ṣe Mandabi lédè Wolof, kí ìyá tó wà lọ́jà ní Dakar lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ẹni tó tẹ̀ lé e tí mo fẹ́ràn jù ni Djibril Diop Mambéty. Ọdún 1973 ló ṣe Touki Bouki. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìrìn àjò ìkookò. Bí mo bá gbọ́dọ̀ mú fíìmù kan ṣoṣo ní gbogbo agbègbè wa, òun ni màá mú.

Ìtàn náà kò gùn. Mory jẹ́ ọmọ darandaran, ó ní alùpùpù kan tó so ìwo màlúù mọ́ níwájú. Anta, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Àwọn méjèèjì fẹ́ lọ sí Paris. Wọn kò lówó. Wọ́n jí tibí, wọ́n jí tọ̀hún, títí wọ́n fi rí owó ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n dé èbúté. Anta wọ ọkọ̀. Mory dúró lórí àtẹ̀gùn, ó wo ẹ̀yìn, ó sì sá padà sínú ìlú.

Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ Yorùbá kan wà tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ báyìí, Ìgbò, Hausa, Ìjọ: japa. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan tí a ti wá síbí lónìí, ó ṣeé ṣe kí Anta kan ti lọ, kí Mory kan sì wà nílé. Mambéty ti ya àwòrán wọn kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun tó jẹ́ kí n bọ̀wọ̀ fún un ni pé kò sọ ẹni tó jàre. Kò pe Anta ní ọ̀dàlẹ̀, kò pe Mory ní ojo. Ó fi wọ́n sílẹ̀ fún wa kí àwa fúnra wa jiyàn lé wọn lórí.

Lọ́dún 2018, Beyoncé àti Jay-Z ya àwòrán fún ìrìn àjò orin wọn, On the Run II. Wọ́n jókòó sórí alùpùpù tó ní ìwo màlúù níwájú. Ayé pariwo pé àwòrán náà gbayì. Mélòó nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà tó pín in lórí fóònù ló mọ̀ pé Dakar ni alùpùpù náà ti wá?

Mati Diop, ọmọ àbúrò Mambéty, ti ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Lọ́dún 2013, ó ṣe fíìmù nípa Magaye Niang, ẹni tó ṣe Mory. Dakar náà ló ṣì wà. Lọ́dún 2019, ó ṣe Atlantique, ìtàn àwọn ọmọbìnrin Dakar tí àwọn ọkùnrin wọn bá òkun lọ. Fíìmù náà gba Grand Prix ní àjọ̀dún Cannes.

Ìmọ̀ràn kan fún ẹni tó bá fẹ́ wo Touki Bouki: wọ́n pa màlúù ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì rọrùn láti wò. Ìtàn náà kì í sì rìn tààrà, ó máa ń lọ síwá sẹ́yìn bí àlá. Ẹ má tètè pa á. Ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Akọni tí wọ́n yà ní London, ọmọbìnrin tí wọ́n bí ní Abidjan

Ó wá kan ìwé ìtàn aláwòrán, èyí tó jẹ́ pé òun ló kó mi wọ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́dún 1975, ìwé kan tó ń jẹ́ Powerman bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fún ọjà Nàìjíríà. Akọni dúdú tó lágbára bíi Superman ni. Ọ̀dọ́ òyìnbó méjì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, ló ń yà á ní Britain. Gibbons ló wá ya Watchmen nígbà tó yá, Bolland ló ya Batman: The Killing Joke. Ẹ ò lè sọ pé ọwọ́ wọn kò mọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìlú tí Powerman ń dáàbò bò kì í ṣe ìlú kankan. Wọ́n tilẹ̀ kọ nọ́ńbà sí àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí òǹkàwé tí wọ́n rò pé kò mọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ má baà ṣìnà.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, 1976, Wale Adenuga gbé Ikebe Super jáde. Kò sí ẹni tó ń fò níbẹ̀. Papa Ajasco tó pá lórí, tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára obìnrin, ló wà níbẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló rà á, wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ ìwé ìṣirò ní kíláàsì. Kì í ṣe gbogbo àwàdà inú rẹ̀ ló bá mi lára mu lónìí. Bó ṣe ń fi ara obìnrin ṣe ẹ̀fẹ̀ ti sú mi. Síbẹ̀, ẹni tó bá ka Papa Ajasco mọ̀ pé òun ti rí irú ọkùnrin yìí ní àdúgbò òun.

Ní Dakar, ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní T.T. Fons dá Goorgoorlou sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ Le Cafard libéré. Goorgoorlou jẹ́ bàálé ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń sá sókè sódò láti wá owó ọbẹ̀ tó máa fún ìyàwó rẹ̀, Diek. Ẹni tó bá la ìgbà SAP kọjá ní Nàìjíríà láti ọdún 1986, tó rí bí àwọn bàbá ṣe ń jí jáde nílé láàárọ̀ láì mọ ibi tí wọ́n ń lọ, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé Goorgoorlou fún un. Owó ọbẹ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Ọ̀tá náà sì ń jí dìde láràárọ̀.

Aya ló wá borí gbogbo wọn lójú mi. Marguerite Abouet, tí wọ́n bí ní Abidjan lọ́dún 1971, tó sì kó lọ sí Faransé nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12, ló kọ ìtàn rẹ̀. Clément Oubrerie ló ya àwòrán rẹ̀. Apá kìíní Aya de Yopougon jáde lọ́dún 2005. Lọ́dún 2006, ó gba àmì ẹ̀yẹ fún ìwé àkọ́kọ́ ní àjọ̀dún Angoulême, tó jẹ́ àjọ̀dún ìwé ìtàn aláwòrán tó lókìkí jù ní Faransé.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni ìtàn náà, nígbà tí owó kòkó àti kọfí ń wọlé ní Côte d'Ivoire. Aya fẹ́ di dókítà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Adjoua àti Bintou, fẹ́ jó. Ignace, bàbá Aya, ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ọtí bíà, ó sì ń wá bí ọmọ rẹ̀ yóò ṣe fẹ́ Moussa, ọmọ ọ̀gá rẹ̀. Àdúgbò tí wọ́n ń gbé kò tó nǹkan lójú ọlọ́rọ̀, ṣùgbọ́n Yop City ni wọ́n ń pè é, kó lè dún bí orúkọ inú fíìmù Amẹ́ríkà. Lọ́jọ́ kan, Adjoua lóyún. Ó ní Moussa ló ni í. Nígbà tí ọmọ náà dé, àwọn òbí Moussa ń wá ojú ọmọ wọn lára rẹ̀, wọn kò rí i.

Kò sí ogun nínú ìwé náà. Kò sí ìyàn. Kò sí ẹni tó ń fò. Lẹ́yìn ìwé, wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹ̀pà àti bí obìnrin ṣe ń ró aṣọ. Mo fẹ́ràn Black Panther bíi tiyín, mo dúró lórí ìlà lọ́dún 2018 láti wò ó. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ra ata ní Wakanda. Mo mọ ibi tí àwọn ọmọ Yopougon ti ń jẹ dòdò lálẹ́, mo mọ ìyá tó ń pariwo lé wọn lórí, mo sì mọ ọkùnrin tó ń sọ pé òun ti Paris dé, tó ń parọ́. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé Aya tóbi ju akọni tó ń fò lọ. Ẹni tó ń fò kò ní àdúgbò.

Ọ̀nà jíjìn tí iṣẹ́ aládùúgbò ń gbà wá

Ẹ wá wo bí Aya ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn Abidjan ni. Paris ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní Faransé. Lọ́dún 2007, ilé iṣẹ́ kan ní Montreal, ní Canada, tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó rékọjá òkun lẹ́ẹ̀mejì kó tó lè bá ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Kano sọ̀rọ̀, nígbà tí mọ́tò Èjìgbò ń ti Abidjan bọ̀ tààrà.

Kì í ṣe Aya nìkan. Lọ́dún 2024, Disney àti Kugali gbé Iwájú jáde, eré aláwòrán tí wọ́n gbé kalẹ̀ sí Èkó ọjọ́ iwájú. Orí Disney+ ló kọ́kọ́ wà, ìkànnì tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà náà, kó tó wá dé Disney Channel. Àwọn ọmọ òkè òkun kọ́kọ́ rí Èkó náà kí ọmọ Èkó tó rí i.

Títọ́jú rẹ̀ náà kò yàtọ̀. Touki Bouki tó mọ́ rekete tí a ń rí wò lónìí, àjọ World Cinema Foundation ti Martin Scorsese ló ní kí wọ́n tún un ṣe lọ́dún 2008, ní Bologna, ní Ítálì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kì í ṣàìsàn ká máa retí kí ará òkèèrè wá fún un lóògùn.

Ní Ghánà, láàárín àwọn ọdún 1980, àwọn kan a máa gbé tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ fídíò àti jẹnẹrétọ̀ láti ìlú dé ìlú láti fi fíìmù hàn. Wọn kò ní pátákó ìpolówó tí wọ́n tẹ̀. Ni wọ́n bá ń háyà àwọn ayàwòrán tó ń fi ọ̀dà kun àpò ìyẹ̀fun. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì wo fíìmù tí wọ́n ń polówó. Wọ́n á fi ejò sí ibi tí kò sí ejò, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò farapa. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ nínú àwòrán náà dùn ju fíìmù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ! Lónìí, ilé àfihàn àwòrán ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ni wọ́n ti ń tà wọ́n fún àwọn olówó.

Kásẹ́ẹ̀tì fídíò tiwa ńkọ́? Ooru ń jẹ ẹ́, èbu ń hù sí i. Òmíràn, wọ́n ti fi ayẹyẹ ìgbéyàwó bo fíìmù inú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí fíìmù bá ti kúrò lọ́jà, tí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sì bàjẹ́, ó di ìtàn àtẹnudẹ́nu.

Kí la lè ṣe?

Mi ò ní sọ pé kí ìjọba ṣe é, kí n sì jókòó. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa ni mo fẹ́ sọ.

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó wà ní Kétu, ní Àjàṣẹ́, ní Cotonou àti ní Lomé, ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ sì gbọ́ Faransé. Kò sí ẹni tó rọrùn fún láti jẹ́ afárá bíi tiyín. Bí ẹ bá ka ìwé tàbí wo fíìmù tó dùn ní Faransé, ẹ sọ ọ́ fún wa ní Yorùbá, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì lórí fóònù.

Ìkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ẹgbẹ́ olólùfẹ́ sinimá. Nínú fíìmù mẹ́rin tí ẹ bá jọ wò, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wá láti ìlú tí a ń bá pààlà. Tí èdè rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ ka ìtumọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀. Ẹ ń kà á fún fíìmù Korea, ẹ sì ń sunkún pẹ̀lú wọn.

Ìkẹta, ẹ rà á. Fíìmù tí a jí wò kì í bí àbúrò.

Ìkẹrin, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti inú àpótí àwọn òbí yín kí wọ́n tó kó ẹrù dànù. Kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́, Ikebe Super tó ti fàya, àwo orin tó ti há sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi dáná. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ọdún àti orúkọ àwọn tó ṣe é sílẹ̀, ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè kó o sórí kọ̀ǹpútà. Bí ilé mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò kan, ilé ìpamọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ti sọ tèmi. Mo ní Touki Bouki ni fíìmù tó ga jù, Sweet Mother ni orin tó ga jù, Aya sì borí Batman. Mo rí àwọn kan lẹ́yìn tí wọ́n ti ń mi orí, tí ara wọn kò gbà á mọ́. Ẹ gbé gbohùngbohùn fún wọn.